Àwọn Ìgò Ẹja Tó Sọ Orúkọ Nù

Òjò tó ṣí òrùlé yàrá ẹja wa kò pẹ́ rárá. Ìjì tó bá a rìn ló ṣe gbogbo iṣẹ́ ibi náà. Nígbà tí mo dé ilé-ẹ̀kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, páànù ti fò lọ sínú oko ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́yìn ọgbà, omi sì kún yàrá dé ọrùn ẹsẹ̀. Ìgò kankan ò fọ́, mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Ohun tó mú kí n wá ibi jókòó ni àwọn bébà kéékèèké tó léfòó káàkiri ilẹ̀. Orúkọ àwọn ẹja ni, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ìgò láti ìta. Bébà ti bó, tàdáwà ti ṣàn, kò sí ẹni tó lè mọ èyí tó jẹ́ ti ìgò wo mọ́.

Rísíkátù ni orúkọ mi. Mo ń kọ́ni nípa ẹja ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, èmi náà ni mo sì ń tọ́jú yàrá tí à ń kó ẹja sí. Ẹja ibẹ̀ kì í ṣe fún jíjẹ. Inú sípíríìtì la rẹ wọ́n sí kí wọ́n má baà jẹrà, kí ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ẹja tó wà nínú àwọn odò ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lè wá wò wọ́n. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ìyá mi, tó ń ta aṣọ lọ́jà, máa ń sọ pé, "Rísí, gbogbo ìwé tí o kà yìí, ẹja tí kò tó fi jẹ ẹ̀kọ ni wọ́n wá ní kí o máa ṣọ́!"

Ọ̀gá ẹ̀ka wa, Ìyáàfin Adébánjọ, wá wo ìbàjẹ́ náà fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ ti gbà láti tún òrùlé ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ fi ìdajì yàrá náà ṣe ibi ìkọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

Ó ní, "Ìgò tó bá lórúkọ á padà sórí pẹpẹ. Èyí tí kò bá lórúkọ, a ó dà á nù kí sáà tuntun tó wọlé. Kí la fẹ́ fi ẹja tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ṣe?"

Mo dáhùn pé, "Ẹ fún mi láyè, mà. Gbogbo wọn ló máa lórúkọ."

Mo sọ ọ́ bí ẹni tó ti mọ ọ̀nà tó máa gbà. Ohun kan ṣoṣo tó fún mi nígboyà ni pé bébà tín-ń-tín kan wà nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ orúkọ odò sí. Pẹ́ńsù kì í ṣàn nínú sípíríìtì. A mọ ibi tí ẹja kọ̀ọ̀kan ti wá, a ò kàn mọ irú ẹja tí í ṣe mọ́ ni. Àwọn kan lára odò wọ̀nyẹn, ilé ti dúró lórí wọn báyìí. Bí a bá da ẹja wọn nù, kò síbi tí a ti máa rí òmíràn.

Ẹni tó kó wọn jọ ni Dókítà Ọnàsànyà, ọ̀gá mi tó ti fẹ̀yìn tì. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ kíláàsì rẹ̀, ó gbé ẹja mẹ́ta síwájú wa: àrọ̀, epìyà, àti ẹja odò kékeré kan tó ń dán. Ó ní kí a sọ èwo ni ìbátan èwo. Gbogbo wa pariwo pé epìyà àti ẹja kékeré ni, torí àwọn méjèèjì ló ní ìpẹ́, ara àrọ̀ sì ń yọ̀ bọ̀rọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó mú ọ̀bẹ. Ó fi àwọn egungun wíńníwínní hàn wá lẹ́yìn orí àrọ̀, tí wọ́n so àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ mọ́ etí rẹ̀, tó fi ń gbọ́ ìró nínú omi. Ẹja kékeré náà ní tirẹ̀. Epìyà ò ní.

"Ara lẹ wò," ó wí. "Ẹ ò wo inú."

Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ yìí ti wọ̀ mí lára.

Nígbà tí mo dé ilé rẹ̀ lẹ́yìn ìjì náà, orí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo bá a. Àrùn ojú ti gba ojú òsì rẹ̀, ó sì ti ń mú ọ̀tún lọ díẹ̀díẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.

"Kó wọn wá síbí."

Ìyàwó rẹ̀ jáde láti inú ilé. "Bàbá, oògùn tí wọ́n fi rẹ ẹja yẹn ńkọ́, tó máa ń ta ojú? Ojú kan tó kù yìí ńkọ́?"

Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ tọ́jú ojú kan tó kù fún, bí kò ṣe kí n fi wo nǹkan?"

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Màmá, ìyàwó Dókítà, fún wa ní tábìlì níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ dáadáa, èmi náà máa ń fi omi ṣan ẹja kí òórùn sípíríìtì lè rọlẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mò ń fi kẹ̀kẹ́ kó ìgò wá, tí mo sì ń kó èyí tó ti lórúkọ padà. Dókítà á gbé ẹja sábẹ́ dígí amóhun-tóbi, á sọ orúkọ rẹ̀, èmi á kọ ọ́.

Ìdílé kan ló gbà wá lákòókò jù: ìdílé ẹja tí òyìnbó ń pè ní kápù àti àwọn ìbátan rẹ̀ kéékèèké. Ẹnu wọn ò ní eyín. Ọ̀nà ọ̀fun ni eyín wọn wà. Ọ̀kan ṣoṣo ni lẹbẹ ẹ̀yìn wọn. Bí o bá rí ẹja tó jọ wọ́n, ṣùgbọ́n tí eyín wà lẹ́nu rẹ̀, tí lẹbẹ ọlọ́ràá kékeré kan sì tún wà lẹ́bàá ìrù, ìdílé mìíràn nìyẹn. Síbẹ̀, àwọn tó wà nínú ìdílé yìí ò jọra wọn. Èyí tí wọ́n ń pè ní Labeo ní ètè tó nípọn, tó fi ń ha ewé omi wẹ́wẹ́ tó hù lára òkúta jẹ. Raiamas gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ó ń lé ẹja ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ pa jẹ. Àwọn tó kéré jù ló pọ̀ jù. Barbus ni wọ́n ń pe gbogbo wọn tẹ́lẹ̀, kí àwọn onímọ̀ tó ya ti ilẹ̀ wa sọ́tọ̀, tí wọ́n sì sọ wọ́n ní Enteromius. Dókítà ò fẹ́ràn orúkọ tuntun náà. "Mo ti darúgbó kí wọ́n tó yí i," ó máa ń kùn, á sì pè é bí ó ti tọ́.

Iṣẹ́ ti ń lọ sópin nígbà tí ó na ọwọ́ sí ìgò kan láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí ọwọ́ rẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò náà. Ó tún nà án. Ó rọra gbé ọwọ́ náà lé itan.

Ó ní, "Rísí, oòrùn ti yọ àbí?"

Oòrùn ti wà lórí wa tipẹ́. Màmá mú un wọlé, mo sì kó àwọn ìgò jọ. Mo sunkún nínú kẹ̀kẹ́, awakọ̀ sì ń bi mí bóyá òórùn ẹrù mi ló ń ta mí lójú.

Mo padà lọ́jọ́ kejì láti kí i lásán. Ó ti wọṣọ, ó ti jókòó sídìí tábìlì.

"Ìgò dà?"

"Dókítà, ẹ sinmi, sà."

"Ojú rẹ ṣì ríran. Sọ ohun tí o bá rí fún mi."

Mo lọ kó ìgò wá. Mo gbé ẹja àkọ́kọ́, mo ní ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń dán.

"Ẹja wo ni kì í dán? Irungbọ̀n mélòó ló wà létí ẹnu rẹ̀? Ka ìpẹ́ rẹ̀. Níbo ni lẹbẹ ẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀, ṣé iwájú ti ikùn ni àbí ẹ̀yìn rẹ̀?"

Àṣé ojú rẹ̀ ni mo ti fi ń wo ẹja láti ọjọ́ yìí wá. Ó di dandan kí n fi tèmi wò ó. Mo kà, mo tún kà. Bí mo bá sọ ọ́ wúruwùru, á lu tábìlì. Bí mo bá sọ ọ́ dáadáa, á sọ orúkọ ẹja náà kí n tó dákẹ́.

Ó wá ku ìgò kan ṣoṣo, tí ẹja wẹ́wẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, láti inú odò kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Imusin. Dókítà rántí rẹ̀ dáadáa.

"Enteromius ablabes ni. Oríṣi kan ṣoṣo ló wà nínú ìgò yẹn. Ìtumọ̀ ablabes ni ẹni tí kì í ṣeni ní jàǹbá. Kọ ọ́."

Ṣùgbọ́n mo ti ka ìpẹ́ tó yí ìdí ìrù wọn ká, iye wọn ò sì dọ́gba. Mo pín wọn sí ọ̀nà méjì lórí àwo. Mo sọ fún un. Ojú rẹ̀ le.

"O ṣì í kà."

"Mi ò ṣì í kà, sà."

Mo gbé ìgò náà, mo sì kúrò. Nígbà tí mo dé ilé-ẹ̀kọ́, Ìyáàfin Adébánjọ ń yẹ pẹpẹ wò. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Ẹ gbìyànjú o! Ìgò kan yìí nìkan ló kù? Ẹ kọ orúkọ kan sí i, kí a parí ọ̀rọ̀."

"Mi ò lè kọ orúkọ kan sí i, mà. Orúkọ rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ."

Ó ní, "Ó dáa. Àwọn káfíńtà ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí o."

Sípíríìtì máa ń gba àwọ̀ lára ẹja. Ibi tí mo ti lè rí àwọ̀ náà, kí n fi mọ̀ bóyá oríṣi méjì ni wọ́n, ni odò fúnra rẹ̀. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Imusin, mo fẹsẹ̀ rìn wọ inú oko. Odò náà ti fún, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣàn. Ìyá kan ń bomi rin ẹ̀fọ́ létí rẹ̀. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo ń wá, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Àwọn tó máa ń bu ẹsẹ̀ jẹ yìí? Ẹ gbé àwọ̀n ọwọ́ yín yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ dúró jẹ́ẹ́. Wọ́n á wá fúnra wọn."

Mo dúró. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yí ẹsẹ̀ mi ká, mo sì rọra fi àwọ̀n gbé wọn.

Mo gbé wọn lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Dókítà láàyè nínú kẹ́ẹ̀gì, mo dà wọ́n sínú ọpọ́n. Ó ti ọwọ́ bọ omi náà, àwọn ẹja sì ń kọ lu ìka rẹ̀.

"Sọ ọ́," ó wí.

"Àwọn kan ní ìlà ṣókùnkùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, lẹbẹ wọn ò ní àmì kankan. Àwọn kejì ò ní ìlà. Orí lẹbẹ ẹ̀yìn wọn dúdú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì pọ́n bí èèpo ọsàn. Mo ti ka ìpẹ́ ìdí ìrù àwọn méjèèjì. Bí ó ṣe pín lára wọn náà ló pín nínú ìgò."

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ nínú omi.

"Callipterus," ó wí nígbẹ̀yìn. "Onílẹbẹ ẹlẹ́wà ni ìtumọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo kó wọn pọ̀ sínú ìgò kan."

"Ẹ̀yin lẹ kó wọn, sà. Bí ẹ ò bá kó wọn, kí ni ǹ bá rí wò?"

Mo mú pẹ́ńsù. Ìlà tó kẹ́yìn lórí bébà ni ti ẹni tó dá ẹja mọ̀. Bí mo ṣe máa ń ṣe, orúkọ Dókítà ni mo kọ. Ó ní kí n kà á sóun létí. Nígbà tí mo kà débẹ̀, ó mi orí.

"Pa á rẹ́. Ẹni tó rí i ni kó kọ orúkọ síbẹ̀."

Mo pa á rẹ́. Mo kọ tèmi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn káfíńtà ti ń kan pákó nígbà tí mo wọ yàrá ẹja. Ìyáàfin Adébánjọ wo ìgò méjì tí mo gbé mọ́ra.

"Ṣebí ìgò kan ló kù?"

"Méjì ni wọ́n, mà," mo wí. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí wọ́n fi àyè sílẹ̀."