Yésúfù Ni Yóò Kọ́kọ́ Ṣá Ejò

Ọjọ́ tí sójà ọlọ̀tẹ̀ wá gba mobilẹ́ẹ̀tì, alùpùpù kékeré Yésúfù, ní àdúgbò Sokoura, Yésúfù ní kí ó jókòó, kò tíì kàn án.

Sójà náà, Nourou, gbé ìbọn kọ́ èjìká. Ó ní ọ̀gá òun ló rán òun. Yésúfù kò gbójú sókè. Ejò abìyẹ́ kan wà níwájú rẹ̀ tó fẹ́ gbé gbogbo wọn mì. Ejò náà kò sí, eré ni. Salimata, ọmọ àbúrò rẹ̀, ló ń fẹnu sọ ọ́. Àwọn tó yí tábìlì ká ni jagunjagun. Dáìsì olójú púpọ̀ ló ń sọ bóyá idà wọn bà á tàbí ó tàsé.

"Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?" Yésúfù bi í ní èdè Dioula.

"Méjìdínlógún."

"Ìwọ ló kẹ́yìn nígbà náà. Ẹ fún un ní idà."

Nourou ní ẹni tó ní ìbọn ló ń kọ́kọ́ ṣe. Yésúfù ní ìyẹn wà fún ìta. Nourou jókòó. Nígbà tó kàn án, ó ju dáìsì, ó bẹ́ ejò lórí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Mobilẹ́ẹ̀tì ló wá gbà, orí ejò ló gbé lọ.

Mobilẹ́ẹ̀tì yẹn ni oúnjẹ ilé. Ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ ni Yésúfù ń tà kí ogun tó dé. Ogun dé, kò sẹ́ni tó ń ra pẹ́dà mọ́, ó wá ń gun mobilẹ́ẹ̀tì lọ Languibonou láti ra iṣu wá tà. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ ní àwọn wá dá ará ìlú sílẹ̀. Mobilẹ́ẹ̀tì wọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń dá sílẹ̀.

Salimata ló mú eré náà wọlé. Àwọn tísà ti sá lọ Abidjan, lísé, ilé-ìwé girama wọn, ti di títì pa, àwọn ọmọ àdúgbò kò níṣẹ́. Ìwé eré náà ní kí olúkúlùkù ju dáìsì kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá ga jù ni yóò kọ́kọ́ ṣá ọ̀tá. Yésúfù ju tirẹ̀, ení ló jáde. Ó ní ìwé náà kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Láti ọjọ́ náà, ọjọ́ orí ni wọ́n ń tò.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Jàfárù, tó ń ta obì, ní ọ̀dọ́ ló ń ṣáájú ogun níbi gbogbo.

"Ìdí nìyẹn tí ogun kì í fi í tán," ni Yésúfù wí.

Jàfárù wá ní òun gan-an lẹ̀gbọ́n. Ìwé àwọn méjèèjì ní wọ́n bí wọn ní nǹkan bí ọdún 1943. Yésúfù ní nǹkan bí tòun ṣáájú nǹkan bí ti Jàfárù.

Òun ló ń kọ́kọ́ ṣá, òun ló sì ń kọ́kọ́ tàsé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣá ejò ni ejò ń yíjú sí. Bí ejò bá ti ń jẹ jagunjagun Yésúfù, àwọn ọmọ á ráyè pa á. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ọjọ́ eré wọn, Yésúfù á mú jagunjagun mìíràn wá dípò èyí tó kú: bàbá òkú. Lẹ́yìn ìyẹn, bàbá bàbá òkú. Èyí tó mú wá tẹ̀lé e ti darúgbó débi pé wọ́n ní láti gbé e dé iwájú ejò.

Nourou padà wá nítorí mobilẹ́ẹ̀tì. Ó jókòó, ó jà, ó lọ lọ́wọ́ òfo. Nígbà tó tún wá, kò gbé ìbọn, ojú rẹ̀ sì wú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Tọ́ntọ́n," ó ní, bí àwọn ọmọ ṣe ń pe Yésúfù, "ọ̀gá ní bí n kò bá mú un, kí n má padà."

Yésúfù wo mobilẹ́ẹ̀tì lára ògiri. Ó wo ojú wíwú náà.

"Má padà nígbà náà. Jókòó. Ìwọ ló kẹ́yìn."

Bí wọ́n ṣe jà tán, wọ́n tú mobilẹ́ẹ̀tì sí wẹ́wẹ́, wọ́n pò ó mọ́ ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ tí kò sẹ́ni tó ń rà. Jàfárù mú Nourou lọ fara pamọ́ sílé tirẹ̀ ní àdúgbò Ahougnansou. Ọ̀gá wá fúnra rẹ̀, ó rí irin ìpáǹtí, ó bú wọn, ó lọ. Nígbà tí wọ́n tò ó padà, bóòtù àti nọ́ọ̀tù díẹ̀ ṣẹ́kù. Ó ń sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àìsàn ló pa Yésúfù, kì í ṣe ìbọn, nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ṣì wà nílùú. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n tún yí tábìlì ká. Salimata ní kí wọ́n ṣe é bí ìwé ṣe wí. Wọ́n ju dáìsì, ti Nourou ló ga jù. Ejò dé. Nourou di dáìsì mọ́wọ́, kò jù ú.

"Kí lò ń dúró dè?" Salimata bi í.

"Tọ́ntọ́n kò tíì tàsé."

Jàfárù gbé idà tirẹ̀ náà sílẹ̀. Gbogbo wọn dúró. Ejò gbé wọn mì lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó bínú.