Hieronim Kò Ní Sàréè

Ní ìlú kékeré tó wà létí odò Bóbr ní Pólándì, sàréè ni wọ́n fi ń mọ onílùú. Bí Ọjọ́ Gbogbo Ènìyàn Mímọ́ bá ti ń sún mọ́lé, wọn kì í bi ara wọn pé níbo lò ń gbé. Wọ́n á ní, "Ìhà ibo làwọn tiyín wà?" Onítọ̀hún á sì nawọ́: lẹ́bàá ògiri, lábẹ́ igi ńlá, nítòsí ilé Fádà. Wọ́n á fọ òkúta, wọ́n á to òdòdó. Nígbà tí ọjọ́ náà bá kò, àtùpà àbẹ́là á tàn káàkiri títí ilé àwọn òkú á fi mọ́lẹ̀ ju ti àwọn alààyè lọ.

Hieronim Rudnicki kò ní ibi tí yóò nawọ́ sí.

Inú pápá koríko Kazakhstan ni wọ́n bí i sí, níbi tí èèyàn lè rin ìrìn odidi ọjọ́ kan láì rí igi. Kì í ṣe ìfẹ́ inú ló gbé ìran rẹ̀ débẹ̀. Ní ọdún 1936, ìjọba Soviet ṣà wọ́n lábúlé wọn, àwọn àti ọ̀pọ̀ ọmọ Pólándì mìíràn, wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ ojú irin ẹran, wọ́n sì dà wọ́n sórí pápá bí ẹni da iyanrìn. Apolonia, ìyá ìyá rẹ̀, gbẹ́ ilẹ̀, ó fi koríko bò ó, inú rẹ̀ ló ti tọ́ ọmọ. Ó fi àwòrán Màríà pamọ́ sẹ́yìn àpótí ìyẹ̀fun. Níwájú àwòrán náà ló ti ń kọ́ Hieronim ní àdúrà lédè Pólándì, ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́. Bí ọmọ náà bá ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, á gbá a létí.

"Tún un wí. Bí o bá délé lọ́jọ́ kan, kí wọ́n má baà rò pé àjèjì ni ọ́."

Níta, "Pólándì" làwọn ọmọ iléèwé ń pè é, bí ẹni ń pe ajá. Ó dàgbà, ó di awakọ̀ katakata. Ó fẹ́ Stefania, ọmọ àwọn tí wọ́n jọ kó wá. Ọmọ kò dúró fún wọn. Ọjọ́ pẹ́ tí tọkọtaya náà fi ń retí ìwé tí wọn yóò fi padà sílé. "Padà" ni wọ́n máa ń wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó débẹ̀ rí nínú wọn. Ìwé náà dé lẹ́yìn tí koríko ti hù lórí Stefania. Hieronim dágbére fún àwọn sàréè rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó wá.

Ìlú gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Olórí ìlú gbé búrẹ́dì àti iyọ̀ pàdé rẹ̀, wọ́n fún un ní yàrá kan àti ilé ìdáná. Hieronim la ẹnu láti dúpẹ́. Èdè Apolonia ló jáde, èdè àtijọ́, tí ohùn Rọ́ṣíà ti gorí rẹ̀ bí eruku ti í gorí bàtà arìnrìn-àjò. Àwọn èèyàn wo ojú ara wọn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ará Rọ́ṣíà. Wọn kò fi bú u. Orúkọ tó rọ ẹnu lọ́rùn ni.

Ó ra àsíá kó tó ra ìkòkò ọbẹ̀. Kò sí ọjọ́ ìrántí kan tí kì í ta á sójú fèrèsé, àárọ̀ kùtùkùtù, kí ẹnikẹ́ni tó jí.

"Pan Hieronim!" Teodora ni, opó arúgbó tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀. "Pan" ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin níbẹ̀, "Pani" fún obìnrin. "Ẹ tún ti ta á! Ọjọ́ kí ló dé?"

"Ọjọ́ Àsíá ni, Pani Teodora."

"Háà! Èmi rò pé ọjọ́ ìfọṣọ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún funfun àti pupa yín díẹ̀, kí n ríbi sá aṣọ ibùsùn mi."

"Ẹ̀yin kì í ta tiyín?"

"Ta ni mo fẹ́ fi hàn? Orílẹ̀-èdè mọ̀ mí. Àbí ó ti gbàgbé mi ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti ojú fèrèsé. "Ọkọ̀ ojú irin ẹran ló gbé bàbá tèmi náà wá láti ìlà-oòrùn lẹ́yìn ogun, èmi lórí itan rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa ti pẹ́ níbí."

"Ìgbà wo lèèyàn ń pẹ́?"

Teodora rò ó. "Bó bá ti sin ẹnì kan síbí." Ó ká aṣọ rẹ̀, ó pa fèrèsé dé.

Ó fi ṣe àwàdà ni. Hieronim kò lè fi ṣe àwàdà.

Àgbélébùú ńlá kan wà láàárín itẹ́ òkú náà. Ìdí rẹ̀ làwọn tí òkú wọn wà lókèèrè ti ń tan àbẹ́là. Ibẹ̀ ni Hieronim tan tirẹ̀ sí lọ́dún àkọ́kọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Àwọn tó ń kọjá lọ ni wọ́n dúró tì í, àwọn tó fẹ́ tètè bá ọkọ̀ lọ. Ó pinnu pé òun kò ní dúró síbẹ̀ mọ́.

Ìgbà ìrúwé ló rí sàréè Ludwik Sobczyk ní igun kan lẹ́bàá ògiri. Ewéko ti gun òkúta rẹ̀. Hieronim fi èékánná ha á, ọ̀rọ̀ yọ díẹ̀díẹ̀: wọ́n kó o lọ sí Siberia nílẹ̀ Rọ́ṣíà, ó padà, ó sinmi.

"Ìwọ náà," ni Hieronim wí.

Ó bi Teodora léèrè ẹni tó ni ín.

"Ìlú Ọba ni gbogbo wọn kó lọ. Mo gbọ́ pé wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè níbẹ̀, tomijé tomijé." Teodora yínmú. "Ṣùgbọ́n omijé kì í fọ òkúta."

Hieronim fọ òkúta. Ó gbá ewé, ó gbin òdòdó, ó ń bá Ludwik sọ̀rọ̀ nípa òtútù tí àwọn méjèèjì mọ̀. Nígbà tí ìgbà òjò àti ìwọ́wé tún dé, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì bi í, bó ṣe ń bi gbogbo oníbàárà, "Ìhà ibo làwọn tiyín wà?"

"Lẹ́bàá ògiri," Hieronim wí. Ó bojú wẹ̀yìn bí olè.

Obìnrin náà mi orí, ó gbé búrẹ́dì fún un. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Hieronim rìn délé bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní Ọjọ́ Gbogbo Ènìyàn Mímọ́, ó ti tan àtùpà rẹ̀ sórí òkúta, ó ti ṣí fìlà, nígbà tí obìnrin kan dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó lẹ ọ̀já funfun àti pupa mọ́ àyà kóòtù. Òdòdó róbótó tó gbé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó taya ọkọ̀. Ojú rẹ̀ ti pọ́n kó tó débẹ̀.

"Ta lẹ̀yin?" ó bi í. "Èmi ni Aldona Sobczyk. Bàbá bàbá mi nìyí."

"Mo... mo kàn ń bá yín tọ́jú rẹ̀ ni, Pani." Ẹ̀rù mú kí ohùn rẹ̀ wúwo. Gbogbo Kazakhstan dà sí i lẹ́nu.

"Níbo lẹ ti wá?"

"Ibí. Ibí ni mò ń gbé."

"Mo ní níbo lẹ ti wá?"

"Kazakhstan. Ṣùgbọ́n wọ́n kó wa lọ ni, bí wọ́n ṣe kó..." Ọ̀rọ̀ tó ń wá sá lọ. Ti Rọ́ṣíà ló wá dípò rẹ̀, ó sì gbé e mì.

Teodora ló yọ láàárín àwọn sàréè, ó gbé àpò àtùpà dání. "Ọmọ Sobczyk! Ẹ ò rí i bí ẹ ṣe jọ ìyá yín! Ẹ má fòyà, Pani, èèyàn dáadáa ni. Ará Rọ́ṣíà wa ni."

Ó fi ìfẹ́ sọ ọ́. Ojú Aldona sì pa dé bí ilẹ̀kùn.

"Ará Rọ́ṣíà. Lórí sàréè yìí." Ó yíjú sí Hieronim. "Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n fojú rẹ̀ rí?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò lè mọ̀."

Ó kúnlẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àtùpà náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni gbé ọmọ ọlọ́mọ, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sójú ọ̀nà. Ó gbé òdòdó rẹ̀ sí àyè rẹ̀, ó wá bú sẹ́kún. Hieronim rí i pé ẹkún náà kì í ṣe ẹ̀tàn. Ìyẹn ló burú jù níbẹ̀.

Apolonia wà lọ́fun rẹ̀, àti ọkọ̀ ojú irin, àti àwòrán ẹ̀yìn ìyẹ̀fun, àti Stefania. Ohùn wo ni yóò fi sọ ọ́? Ohùn tí yóò fi gbèjà ara rẹ̀ gan-an ni ẹ̀sùn.

"Pani, ẹnu mi ló yọ̀," Teodora ń wí. "Orúkọ àwàdà ni. Ọmọ Pólándì ni, ó tilẹ̀ ń ta àsíá ju..." Orin àwọn ọmọ ìjọ tó ń tẹ̀ lé Fádà kiri itẹ́ òkú ti bẹ̀rẹ̀, Aldona sì ti fọwọ́ bojú. Kò sí ẹni tó ń gbọ́.

Teodora fa apá kóòtù Hieronim. "Ẹ jẹ́ ká lọ. Ẹ gbé e wá sídìí àgbélébùú. Ibẹ̀ kì í ṣe tẹnì kan."

Hieronim tẹ̀ lé e. Ó gbé àtùpà náà sáàárín ti àwọn tí òkú wọn wà lókèèrè. Iná rẹ̀ kò kú lójú ọ̀nà.

Nígbà tí Ọjọ́ Òmìnira fi máa pé, lọ́jọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Aldona ti padà sí Ìlú Ọba. Hieronim ta àsíá rẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù. Òdìkejì ọ̀nà, fún ìgbà àkọ́kọ́, Teodora ta ọ̀kan, ó ti rún, ó sì tètè pa fèrèsé dé kí wọ́n má baà bá a sọ̀rọ̀.

Hieronim mú ìgbálẹ̀, ó lọ sí itẹ́ òkú. Ewé ti bo Ludwik. Afẹ́fẹ́ ti yí òdòdó róbótó náà lulẹ̀, ọ̀já rẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀. Ó dúró sójú ọ̀nà, níbi tí wọ́n gbé àtùpà rẹ̀ kalẹ̀ sí, kò sún síwájú.

Obìnrin kan tó ń kọjá lọ wo sàréè náà, ó wo ìgbálẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àwọn tiyín nìyẹn?"

Hieronim la ẹnu, ó pa á dé.

Obìnrin náà dúró díẹ̀, ó ń retí ohùn rẹ̀. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó bá tirẹ̀ lọ. Ewé tún ń já.