Bí Báńkì Ṣe Jẹ Owó Ẹ́ńjìnnì Bàbá Mi

Mo rántí ìgbà tí gbogbo wa gbà pé náírà wa kò ní ẹlẹ́gbẹ́ láyé. Owó epo rọ̀bì ń wọlé, ọkọ̀ sìmẹ́ńtì tò lọ bẹẹrẹ lójú omi Àpápá, wọn kò rí ibi já ẹrù, àwọn tó gun kẹ̀kẹ́ lọ́dún tó kọjá sì ti ń ra mọ́tò. Akọ̀wé kékeré ni mo jẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Àpápá nígbà náà. Ìwé tí ọ̀gá mi bá fọwọ́ sí ni mò ń tò sínú fáìlì, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá so táì mọ́rùn ní Okokomáíkò láàárọ̀, ẹ ó rò pé èmi ni mo gbẹ́ kànga epo náà.

Bàbá mi ní tiwọn, ọlọ́kọ̀ ojú omi ni wọ́n. Àjẹ̀ ni wọ́n fi ń tu ọkọ̀, tí wọ́n ń kó èrò àti àgbọn láti òdìkejì ọ̀sà wá sí etí omi Ọ̀jọ́. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni wọ́n ti ń tù ú, èjìká ọ̀tún wọn sì ti bàjẹ́. Láàárọ̀, ìyá mi ní láti fi àdí gbígbóná ra á kí wọ́n tó lè gbé ọwọ́ bọ́jú. Dókítà sọ pé bí wọn kò bá fi àjẹ̀ sílẹ̀, ọwọ́ náà máa kú mọ́ wọn lára. Nígbà tí ìjọba gba díẹ̀ nínú ilẹ̀ wa láti fi la títì ńlá tó lọ sí Àgbádárìgì, tí wọ́n sì san owó rẹ̀, Bàbá ní ẹ́ńjìnnì ni àwọn máa fi rà, kí ẹ́ńjìnnì máa wa ọkọ̀, kí èjìká sinmi. Kò sí ẹ́ńjìnnì náà l'Ékòó tí apá wa ká. Ọkùnrin kan ní Kútọnu ló ní àlòkù kan tó ṣì dára, ó sì ní òun á fi pamọ́ de Bàbá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, nítorí ẹlòmíràn ti ń dúró dè é.

"Gba ọ̀dọ̀ ìyá oníṣẹ́ǹjì ní Sẹ̀mẹ̀," ni Bàbá wí fún mi. Obìnrin Ègùn kan ni ìyá yìí, tó máa ń jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi àgbọn lẹ́bàá ibodè, tó ń gba náírà, tó ń fúnni ní sẹ́fà tí wọ́n ń ná lọ́hùn-ún. Inú ìgbànú aṣọ rẹ̀ ni báńkì rẹ̀ wà.

"Bàbá, ayé ti lajú," ni mo dáhùn. "Báńkì ló ń ṣe irú nǹkan báyìí."

"Ta ló ń jẹ́ báńkì? Ṣé o mọ ilé ẹ̀?"

"Bàbá!"

"Mo kàn ń bi ẹ́ ni. Ìyá yẹn, mo mọ ilé ẹ̀."

Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, ọmọdé ìbáà gun igi kò lè rí i. Èmi tilẹ̀ gun igi náà tòun ti táì lọ́rùn.

Báńkì ńlá kan ní Marínà ni mo kó owó lọ. Akọ̀wé ibẹ̀ sọ pé wọn kò ní sẹ́fà, pé ìwé owó arìnrìn-àjò ni kí n rà, pọ́n-ùn ni wọ́n kọ sí i, ibikíbi tí mo bá dé láyé ni wọ́n á ti san án. Ìwé mẹ́wàá ni mo rà. Kí náírà tó di pọ́n-ùn, wọ́n yọ tiwọn. Wọ́n gba owó ìwé, wọ́n gba owó òǹtẹ̀, wọ́n tún gba ohun kan tí wọ́n ń pè ní owó iṣẹ́, bí ẹni pé eré ni àwọn tó kù. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Èmi kò bínú rárá, ẹ̀rín ni mò ń rín. Akọ̀wé náà ní kí n fọwọ́ sí òkè ìwé kọ̀ọ̀kan níwájú òun, kí n fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ di Kútọnu, níwájú ẹni tó máa san owó. Mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ojú mi wà lára gíláàsì fèrèsé rẹ̀, mò ń wo bí táì mi ṣe dúró. Mo ní, "Mo mọ̀, mo mọ̀."

Nílé wa nígbà náà, ìwé tí ọmọ tó kàwé bá mú wọlé kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Gbogbo agbo ilé ni yóò gbà á wò láti ọwọ́ dé ọwọ́, àwọn aládùúgbò yóò sì yà wá fi ojú kàn án. Àtàǹpàkò ni Bàbá fi gba owó ilẹ̀ wọn, ọjọ́ mẹ́ta ni yíǹkì kò fi kúrò lọ́wọ́ wọn, ó sì dùn wọ́n. Wọ́n wo ìwé náà títí, wọ́n fi ìka kan ìlà ìsàlẹ̀.

"Ibí yìí ṣófo. Ṣé o ò parí ẹ̀ ni?"

Ta ni yóò jẹ́ kí bàbá rẹ̀ rò pé òun kò parí iṣẹ́ lójú àwọn àlejò? Mo yọ báírò. Mo fọwọ́ sí àkọ́kọ́, mo fa ìrù lẹ́tà ìkẹyìn gùn. Àwọn èèyàn ní, "Hà!" Bàbá ní, "Tún un kọ kí n rí i." Mo tún un kọ. Ìyá mi ń pàtẹ́wọ́. Mo fọwọ́ sí mẹ́sàn-án kí báírò tó gbẹ. Báírò yẹn nìkan ló ní làákàyè nínú ilé wa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo dé Sẹ̀mẹ̀. Ìyá oníṣẹ́ǹjì rí mi.

"Ọmọ ọlọ́kọ̀, o ò ní ṣe ṣẹ́ǹjì ni?"

"Báńkì ni mò ń lò, mà."

"Ó da o. Báńkì a máa ti ilẹ̀kùn. Èmi ò ní ilẹ̀kùn."

Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn lóòótọ́ nígbà tí mo dé Kútọnu. Wọ́n lọ jẹun ọ̀sán, wọ́n sì fara balẹ̀ jẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣí i, akápò tó dá mi lóhùn gbọ́ Yorùbá, ará Kétu ni. Ó yẹ ìwé àkọ́kọ́ wò.

"Ta ló sáìnì ìsàlẹ̀ yìí?"

"Èmi ni."

"Nígbà wo?"

"Níjẹta, nílé."

Ó wò mí láti orí dé orí táì. "Ojú mi ló yẹ kẹ́ ẹ ti sáìnì ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Mi ò lè san án."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó fún mi ní pépà kí n tún un kọ nígbà mẹ́wàá. Ó ní àfi kí n dá a padà fún àwọn tó tà á fún mi. Ìwé kan ṣoṣo tí báírò kò lè kọ ni ó san. Pọ́n-ùn di sẹ́fà ní iye tó wù wọ́n, wọ́n yọ tiwọn, wọ́n lu òǹtẹ̀, wọ́n tún yọ ohun kan tí wọ́n fi Faransé kọ, tí ojú sì ń tì mí láti béèrè. Ohun tó kù, nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, ó ní kò tó ra abẹ̀bẹ̀ ìdí ẹ́ńjìnnì. Ibẹ̀ ni mo dúró sí títí ẹnì kejì tó ń dúró de ẹ́ńjìnnì náà fi dé. Ó tú sẹ́fà jáde nínú àpò aṣọ. Mo bi í níbi tó ti ṣe ṣẹ́ǹjì rẹ̀. Ó ní, "Lọ́dọ̀ ìyá tó wà lábẹ́ àgbọn ní Sẹ̀mẹ̀." Ó gbé ẹ́ńjìnnì bàbá mi lé èjìká, ó ń lọ.

Báńkì Marínà gba ìwé mẹ́sàn-án náà padà lẹ́yìn oṣù méjì. Wọ́n ta pọ́n-ùn fún mi lówó gọbọi, wọ́n rà á padà lẹ́dìnwó, wọ́n sì tún gba owó iṣẹ́ nítorí pé wọ́n bá mi tú ohun tí wọ́n bá mi dì. Owó náà sún kì bí ẹ̀fọ́ inú ìkòkò, a kò sì ra nǹkan kan. Ìgbà yẹn, iye ẹ́ńjìnnì ti lọ sókè kọjá wa.

Bàbá kò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, wọ́n wá ní, "Ó dáa. Bá mi gbé àjẹ̀ mi wá." Mo gbé e wá. Ọdún méjì sí i ni wọ́n fi tu ọkọ̀ náà, títí ọwọ́ ọ̀tún fi kọ̀, tó rọ sílẹ̀ pátápátá. Láti ìgbà náà títí wọ́n fi kú, ìyá mi ló ń bá wọn bọ́jú.

Mo ti dàgbà báyìí. Ọmọ mi obìnrin ń gbé ní Kútọnu, bí mo bá lọ kí i, káàdì ni mo fi ń gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà á sọ iye tó máa yọ, á bi mí bóyá mo gbà, èmi náà á tẹ̀ ẹ́ pé mo gbà. Kí n tó rìn dé ẹnu ọ̀nà, báńkì ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé àwọn náà ti yọ tiwọn ní Nàìjíríà. Olè tó ń fúnni ní rìsíìtì! Mo pòṣé, mo ń lọ.

Rìsíìtì tí báńkì Marínà fún mi nígbà náà ṣì wà nínú àpótí mi. Gbogbo ohun tí wọ́n yọ ló wà níbẹ̀, owó ìwé, owó òǹtẹ̀, owó iṣẹ́, wọn kò gbàgbé kọ́bọ̀ kan. Mo ti kà á títí, n kò rí èjìká bàbá mi níbẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe tiwọn. Èmi ni mo fọwọ́ sí ìyẹn, mo sì fa ìrù rẹ̀ gùn.