Odó Bàbá Mi àti Òfin Àgbáyé

Ní nǹkan bí ọdún 2008, àwọn àgbà nínú iṣẹ́ bánkì lágbàáyé ń tún òfin ìwé onídùúró ṣe, wọ́n sì fi àbá wọn ránṣẹ́ káàkiri pé kí kálukú sọ tẹnu rẹ̀. Bí ìdìpọ̀ bébà náà ṣe dé orí tábìlì mi ní bánkì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, n kò lè sọ. Ọ̀gá mi kàn ní kí n kà á, kí n sì kọ èrò mi. Mo kó o sínú báàgì, mo gba ìsinmi, mo sì kọrí sí Ìkọ̀lé.

Ọ̀rọ̀ ìwé onídùúró kò le. Bánkì ló ń dúró fún oníbàárà rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un. Bí ẹni náà bá kọ̀wé pé oníbàárà yìí já òun kulẹ̀, tó sì sọ bó ṣe já òun kulẹ̀, bánkì yóò sanwó lójú ẹsẹ̀. Kò gbọdọ̀ béèrè bóyá òótọ́ ni. Ẹjọ́ dẹ̀yìn. Òfin yìí dùn mọ́ mi débi pé mo ń ṣàlàyé rẹ̀ fún awakọ̀ takisí láti Adó títí a fi wọ Ìkọ̀lé. Ọkùnrin náà yí rédíò rẹ̀ sókè.

Àwọn obìnrin àdúgbò wa ní odó ńlá kan tí wọ́n ń yá ẹni tó bá ní ìnáwó. Ẹni tó bá fẹ́ yá a gbọ́dọ̀ mú onídùúró wá, bàbá mi sì ni onídùúró gbogbo àdúgbò. Ó fẹ́ràn ipò náà ju oyè lọ. Lọ́sẹ̀ tí mo dé, ó ti dúró fún télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa, tó fẹ́ gbé odó náà lọ sí Ayédé níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń ṣílé. Ìyá ẹgbẹ́, olórí àwọn obìnrin náà, wá kí mi káàbọ̀. Ó ní àwọn onídùúró ń yọ òun lẹ́nu: bí odó bá bàjẹ́, àròyé ni wọ́n máa ń ṣe.

Ó ní, “Ìwọ tí o mọ uṣẹ́ bánkì, bá wa tún òfin yìí ṣe.”

Ta ló ní kí n dá sí i? Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì ka òfin tuntun jáde bí ẹni ń ka Bíbélì lórí pẹpẹ. Bí nǹkan bá ṣe odó ẹgbẹ́, kí Ìyá ẹgbẹ́ wá sílé onídùúró, kí ó sọ ohun tó ṣe é. Onídùúró yóò gbé odó ilé tirẹ̀ fún wọn lójú ẹsẹ̀, kò sì gbọdọ̀ béèrè bóyá òótọ́ ni. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Bàbá mi pàápàá pàtẹ́wọ́, torí pé ọmọ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni Ìyá ẹgbẹ́ dé, òun àti obìnrin ẹgbẹ́ kan. Iṣu wa ti ń hó lórí iná.

“Odó dé láti Ayédé, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti sán.”

Bàbá mi la ẹnu. Mo yára sọ pé, “Bàbá, ẹ má béèrè.” Wọ́n gbé odó wa lọ. Ẹ̀bà ni bàbá mi jẹ lọ́jọ́ Àìkú, ní Èkìtì, níṣojú iṣu tó ti jinná.

Wọ́n dá odó náà padà lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ti rí i pé iyán inú rẹ̀ kì í ní kókó. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti ní ìnáwó, Ìyá ẹgbẹ́ á yọ sí wa. Odó ẹgbẹ́ tún sán. Odó ẹgbẹ́ ń rùn kẹrosíìnì. Odó ẹgbẹ́ ò kàn ṣe dáadáa lónìí. A kò gbọdọ̀ béèrè. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ọ̀gá Bánkì, kì í sì í ṣe àpọ́nlé.

Mo sáré padà sínú bébà mi láti wá ọ̀nà àbáyọ. Ibẹ̀ ni ojú mi ti là: n kò kọ ọjọ́ tí ìdúró bàbá mi yóò parí! Inú bí mi sí ara mi débi pé mo mú bírò, mo kọ ọ́ gàdàgbà sínú èrò mi pé ìdúró tí kò bá ní ọjọ́ òpin, kí ó máa kú fúnra rẹ̀ bó bá yá. Mo kà á fún bàbá mi. Nígbà tí òfin tuntun jáde, irú rẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́. N kò sọ pé èmi ni wọ́n gbọ́ràn sí lẹ́nu o.

Bàbá mi kò dúró de àgbáyé. Ó pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ó ní, “Ta ló dúró fún òfin yìí?”

“Èmi ni, sà.”

“Ó já mi kulẹ̀. Uyán ni n kò rí jẹ. Gbé odó sílẹ̀.”

Kí ni mo fẹ́ béèrè? Mo gun ọ̀kadà lọ sí Àsin lọ́dọ̀ ẹni tó ń gbẹ́ odó, mo sì gbé odó tuntun sáàárín èmi àti ọlọ́kadà padà wálé. Bí mo ṣe gbá a mọ́ra bí ìkókó, gbogbo ẹni tó rí wa lójú ọ̀nà ló ń kí mi kú ewu ọmọ.

Bí ọmọ odó ṣe dún nílé wa báyìí, Ìyá ẹgbẹ́ dé. Odó wa àtijọ́ ló gbé dání. Ó gbé e kalẹ̀, ó ń wo tuntun náà bí ẹni rí àna rere.

“Bàbá, odó ẹgbẹ́ tún ti sán o.”

Bàbá mi bu òkèlè, ó gbé e mì, ó nu ẹnu.

“Udúró mi ti parí lánàá.”

“Lánàá kẹ̀? Ṣé òótọ́ ni?”

Bàbá mi wò mí, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti dé.

“Òfin ní a kì í béèrè,” ó wí, ó sì sún àwo ọbẹ̀ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ pé kó jókòó jẹun.