Ìdajì Iye Tí Ẹnikẹ́ni Ò Mọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọdún tí àwọn ológun ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba sílẹ̀ lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa oníṣẹ́ ọwọ́ Yorùbá ní Siluko Road, ní Benin níbí. Títí di òní, ọ̀rọ̀ náà ò tíì yé mi.

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí Ṣadé, ìyàwó Múfútáù jórinjórin, ọmọ ẹgbẹ́ wa, nílé ìwòsàn aládàáni kan. Kí wọ́n tó gbé e wọlé, Múfútáù bi dókítà pé èló ni. Dókítà ní kó jẹ́ káwọn kọ́kọ́ dóòlà ẹ̀mí ná. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dárúkọ iye kan; nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ti lé; ní ọjọ́ kẹfà, ó tún ti lé sí i. Kò síwèé kankan. Wọ́n ní ìyá àtọmọ ò ní jáde àfi tó bá sanwó náà tán.

Inú bí mi! Mo kó àwọn ènìyàn wa jọ, a kọ ọ́ sára páálí: "Ẹ sọ iye rẹ̀ kí ẹ tó tọ́jú wa." Bàbá Adégún, alága wa, ló ṣáájú wa lọ sílé ìwòsàn náà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Dókítà jáde. Mo ní kó kọ iye owó náà sílẹ̀ fún wa. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó bi mí bóyá ẹja ni mo wá ná:

"Madam, na fish you come price?"

Kí n tó fèsì, gbìì! Bàbá Adégún ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Múfútáù náà dọ̀bálẹ̀, tòun ti páálí lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ dìde! Ìjà la wá jà!"

"Akọ̀wé, panu mọ́. Ẹni tọ́mọ ẹni wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ là á bẹ̀ ẹ́."

Ojú ti dókítà. Ó fa bàbá dìde, ó ní kí wọ́n san ìdajì kí wọ́n máa lọ. Ariwo ayọ̀ ta! Àwọn obìnrin ń fi páálí wa fẹ́ atẹ́gùn sí ọmọ náà lára.

"Ìdajì èwo?" ni mo ń bi wọ́n. "Ti ọjọ́ kìn-ín-ní ni àbí tòní?" Iye tí wọ́n pè ni Múfútáù san.

Ẹ bá mi rò ó. Ṣadé délé, ọmọ délé. N ò lè pèyẹn lófo. Bó bá jẹ́ ẹnu mi nìkan la gbẹ́kẹ̀ lé, bóyá wọn ì bá ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ la lọ bèèrè, àánú la gbé bọ̀, a sì tún ń dúpẹ́. Ta ló borí? N ò mọ̀ o.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, aboyún mìíràn nínú ẹgbẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Ó di ọwọ́ mi mú pinpin, ó ń ké. Mo ní ká máa gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá. Ọkọ rẹ̀ ní ká ṣì ní sùúrù díẹ̀, òun ń lọ wá Bàbá Adégún, kó lè bá òun dọ̀bálẹ̀.