Kẹ̀kẹ́ Tí Bàbá Bá Mi Tò

Òórùn gírísì àti rọ́bà jíjó ni mo fi máa ń mọ̀ pé mo ti sún mọ́ ṣọ́ọ̀bù bàbá oníkẹ̀kẹ́ ní ọ̀nà Olúpọ̀nnà. Ọdún yẹn, mo fẹ́ bá àwọn ará ìjọ wa du eré kẹ̀kẹ́ ológeere ti Àjíǹde. Ìyàwó mi ní kí n ra odidi èyí tí wọ́n ti tò délẹ̀. "Ṣé o fẹ́ gùn ún ni, àbí o fẹ́ máa wò ó?" Èmi alágídí ní tèmi gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Mo ṣa férémù lọ́tọ̀, mo wá ríìmù àti sípóòkù lọ́tọ̀, mo kó wọn fún bàbá, torí àwọn ló ń tún kẹ̀kẹ́ bàbá mi ṣe títí bàbá mi fi kú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n na sípóòkù ẹ̀yìn kí ríìmù lè gún, mo jókòó tì wọ́n. Wọ́n yí ríìmù náà, wọ́n gbé ojú sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Láti orí àga tí mo wà, mo rí i pé ó ń mì sọ́tùn-ún sósì. Wọn ò rí i. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ sọ ọ́ ládùúgbò.

"Ó gún, àbí kò gún?"

Ta ni mí, tí màá sọ fún ẹni tó ti ń to kẹ̀kẹ́ kí wọ́n tó bí mi pé iṣẹ́ rẹ̀ wọ́? Mo dọ̀bálẹ̀. "Ó gún, bàbá. Ẹ ṣeun gan-an." Mi ò sì lè gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìwọ náà mọ ìlú Ìwó wa. Kí ilẹ̀ tó ṣú ni bàbá ìbá ti gbọ́.

Lọ́jọ́ eré, bàbá gbé àpótí síwájú ṣọ́ọ̀bù láti wò mí bí a bá ń kọjá. Ibẹ̀ gan-an ni ríìmù ti há mọ́ bíréèkì. Gbogbo èèyàn kọjá mi, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ là kí n wọlé. Bàbá dìde, wọ́n fọwọ́ pa ríìmù náà yíká.

"Agbára rẹ ni kò tó," ni wọ́n wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

Ọjọ́ Ajé, ṣọ́ọ̀bù ò ṣí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò ṣí. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń na sípóòkù ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ní kí n máa lò ó.

Odidi kẹ̀kẹ́ ni mo ń gùn báyìí. Mo ti rò pé ọ̀wọ̀ ni mo ń fún wọn lọ́jọ́ náà. Ká ní mo sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, àwa méjèèjì péré ni ìbá mọ̀ pé ríìmù náà wọ́.