Fáànù Inú Oòrùn

Ooru Maiduguri ló fẹ́ gba ìyá mi lọ́wọ́ mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá bá mi wẹ ọmọ nígbà tí mo bí èkejì, ìwọ́ ọmọ náà ò sì tíì jinná dáadáa tí wọ́n fi ní àwọn ń lọ. Kò síná, atẹ́gùn ò fẹ́, ilé wa ní àdúgbò Gwange gbóná bí ààrò. "Tílẹ̀ bá ti mọ́ lọ́la, mo di gáréèjì," ni wọ́n wí. Inú bí mi. Ta ni wọ́n fẹ́ kó bá mi gbọ́mọ?

Ọmọ mi àgbà, obìnrin, gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Èdè Hausa yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ, àmọ́ ó gbọ́ èyí yékéyéké. Kò sunkún, kò bẹ̀bẹ̀. Ó da bíríkì oníke tó fi ń to ilé àti ọkọ̀ ìṣeré sílẹ̀, ó ṣa ẹ́ńjìnnì kékeré tó máa ń yí táyà ọkọ̀ náà láàárín wọn. Bátìrì ẹ̀ ti kú tipẹ́. Ló bá tú sólà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ lára tọ́ọ̀ṣì wa tó bàjẹ́, ó so wáyà wọn pọ̀, ó to bíríkì dúró bí òpó, ó wá gé ike ìgò omi ṣe apá fáànù.

Kò yí. Mo ní, "Ṣé o rí i? Óyá, kó pàǹtí yìí kúrò nílẹ̀ fún mi!" Kò tiẹ̀ wojú mi. Abẹ́ igi dóńgóyárò ló wà. Ó wo òjìji ewé tó bọ́ sórí sólà, ó fa gbogbo ẹ̀ síta, ó fi ìka ti apá fáànù náà díẹ̀. Háà! Fìrìrìrì! "Kaka, yana aiki!" ló ń pariwo, pé ó ń ṣiṣẹ́. Kaka ló ń pe ìyá mi, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà níbí.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé wáyà ò gùn. Ibi tí oòrùn wà ni fáànù wà, ẹni tó bá fẹ́ gbatẹ́gùn ẹ̀ á kọ́kọ́ yan. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín o. Wọ́n gbé àpótí, wọ́n jókòó sínú oòrùn ọ̀sán gangan, wọ́n kọjú sí fáànù tí kò lè lé eṣinṣin. "Ó tutù o, ọmọ mi," ni wọ́n ń wí, òógùn sì ń ṣàn lọ́rùn wọn.

Ọmọ náà rí òógùn yẹn, ó sáré wọlé. Nígbà tó máa jáde, wáyà ṣájà fóònù mi ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ti gé e! Ariwo tí mo pa, gbogbo àdúgbò gbọ́. Ó feyín bó wáyà náà, ó so ó mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Sólà dúró sínú oòrùn, fáànù bá Kaka wọ abẹ́ igi. Orí ọmọ yìí pé ju tèmi lọ, mo sì sọ ọ́ jáde lẹ́nu ara mi. Mò ń wò ó, mò ń wo ìyá mi, mi ò mọ èyí tí ǹ bá kọ́kọ́ dì mọ́ nínú wọn.

Nírọ̀lẹ́, àbúrò mi pè láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń béèrè ìgbà tí ìyá wa máa dé kó lè wá pàdé wọn ní gáréèjì. Oòrùn ti wọ̀, fáànù ti dúró gbagidi, ooru ò sì kúrò. Ìyá mi fi etí aṣọ nu ojú, wọ́n gba fóònù.

"Má wulẹ̀ wá," ni wọ́n ní. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ti ṣe fáànù fún mi."